Ẹ yé fi ẹrẹ̀ Jámánì ra táńkì wa lára

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan, kí n lọ jẹun.

Ẹnì kan wo Saladin tí mo fi oṣù méjì ṣe, ó ní ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀ "pupa jù, kò jọ òótọ́". Ó wá fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi kọ́gbọ́n. Táńkì tí wọ́n kọ Nigerian Army sí lára ni, ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì dúdú bí ilẹ̀ Rọ́ṣíà lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́ tán.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ilẹ̀ tí mo tẹ̀ jáde láàárọ̀ yìí pupa. Bàtà mi pupa. Ìdí ògiri ilé wa pupa dé ibi tí òjò máa ń ta ẹrẹ̀ dé. Ẹni tó bá ní pupa kò jọ òótọ́, orí YouTube ló ti kọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohun tí mò ń wí, kì í ṣe táńkì omi o. (Ní ilé wa, títí di òní, tí mo bá ti ní "táńkì mi ò tíì gbẹ", wọ́n á ní kí n lọ pa pọ́ǹpù.) Ọkọ̀ ogun ni, ọkọ̀ onírin tó gbé ìbọn ńlá sórí, tí a wá ṣe ní kékeré. Ìwọ̀n 1/35 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò: sẹ̀ǹtímítà 1 lára tèmi dúró fún sẹ̀ǹtímítà 35 lára ojúlówó. Àwọn kan ń ra èyí tí ilé iṣẹ́ ti gé sílẹ̀. Èmi ń gé tèmi láti ara àjákù sílíìnì PVC, páálí, àti ìsàlẹ̀ sílípáàsì tó ti já. Tí a bá tò ó tán, tí a kùn ún lọ́dà, iṣẹ́ ò tíì parí. A óò wá sọ ọ́ di ogbó. Ọ̀dà á ṣí níbi tó yẹ kó ṣí, òróró á ṣàn níbi tó yẹ kó ṣàn, eruku á bò ó, ẹrẹ̀ á gbẹ sí i lẹ́sẹ̀. Kó dàbí ohun tí oòrùn ti pa, tí òjò ti pa, tí ènìyàn ti gùn.

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí. Gbogbo àbàwọ́n tí o bá fi sára táńkì, ẹ̀rí ni o ń jẹ́. O ń sọ pé ọkọ̀ yìí gba ibi báyìí kọjá, ní ìgbà báyìí, ohun báyìí sì ṣe é. Tí o bá kọ orúkọ orílẹ̀-èdè wa sí i lára, tí o wá fi ẹrẹ̀ ìlú onílùú ra á, ẹ̀rí èké lo jẹ́. Bó ti wù kó dán tó nínú àwòrán.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àmọ́ mi ò ní dákẹ́.

Ẹ jẹ́ á ti ibi Zimmerit bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìyanu jù. Tí ẹ bá rí táńkì Jámánì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ara rẹ̀ ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni fi ooyà ya ẹ̀kọ tí kò tíì dì, Zimmerit nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan ní Berlin tó ń jẹ́ Chemische Werke Zimmer ló ṣe é. Àwọn Jámánì fúnra wọn ní bọ́ǹbù kan tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, tí sójà lè sáré lọ lẹ̀ mọ́ ara táńkì ọ̀tá. Wọ́n wá ń bẹ̀rù pé ọ̀tá náà á ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Ni wọ́n bá fi nǹkan yìí ra táńkì wọn lára, kí mágínẹ́ẹ̀tì má baà rí irin dì mọ́. Ní ọdún 1943 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, wọ́n pa á tì, torí ìròyìn kàn wọ́n pé ó ń gbiná tí ọta ìbọn bá bà á. Ìròyìn iná yẹn kì í ṣe òótọ́. Àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ lo bọ́ǹbù onímágínẹ́ẹ̀tì. Oògùn àìsàn tí kò ṣe ẹnikẹ́ni.

Ogun kan, ìbẹ̀rù kan, bí ọdún kan péré. Ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí T-55, táńkì tí Sófíẹ̀tì ṣe lẹ́yìn tí ogun yẹn parí, tí ẹnì kan kun Zimmerit sí lára, tó tún lẹ àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun mọ́ ọn. Mo bi í pé kí nìdí. Ó ní ó fani mọ́ra.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n pò pọ̀ di Zimmerit kò pamọ́. Nínú ìdá 100, barium sulphate kó 40, polyvinyl acetate kó 25, ochre kó 15, zinc sulphide kó 10, lẹ́búlẹ́bú pákó sì kó 10. Polyvinyl acetate yẹn, òun náà ló wà nínú góòmù funfun tí gbogbo káfíńtà ìlú yìí ń lò. Ochre, erùpẹ̀ tó ní àwọ̀ ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó, ẹ lọ sí sọ́mìlì èyíkéyìí, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ bá wọn kó o. Ìyẹn ni pé nǹkan Berlin tí ẹ ń fi owó dọ́là rà nínú ìgò kékeré, ìdajì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àdúgbò yín. Ìjẹ̀bú ni mí, wọ́n ní a láhun. Ó dáa. Mo gbà.

Àní tó bá tiẹ̀ jẹ́ táńkì Jámánì lo ń ṣe, ṣe ìṣirò. Mìlímítà 1 lára tìrẹ, mìlímítà 35 ni lára ojúlówó. Ẹni tó bá fi mìlímítà 2 ra á, sẹ̀ǹtímítà 7 ló fi ra táńkì yẹn. Ìyẹn kì í ṣe Zimmerit mọ́, rírẹ́ ilé ni. Bíríkìlà ló yẹ kó gba iṣẹ́ yẹn.

Ara irin náà ní ìtàn tirẹ̀, gbogbo irin kọ́ ló ní awọ kan náà. Orí T-55 tó rí roboto yẹn, dídà ni wọ́n dà á, bí ẹni da ìkòkò, torí náà ojú rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun. Tí o bá fẹ́ kó jọ ọ́, po pọ́dà ìpara mọ́ góòmù funfun, fi búrọ́ọ̀ṣì tó ti gbó máa tẹ̀ ẹ́ wẹ́kuwẹ́ku, kó gbẹ, kí o fi sáńpépà rá a díẹ̀. Ṣùgbọ́n Saladin, pátákó irin pẹrẹsẹ tí wọ́n jó pọ̀ ni. Dídán ni ojú rẹ̀, ojú ìjó nìkan ló wú. Kí ni pọ́dà ń wá níbẹ̀?

Scorpion ńkọ́? Àwọn ọmọ ogun wa ní Scorpion, táńkì kékeré tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Mo ti rí èyí tí ẹnì kan ṣe tó fi ìdógùn-ún pupa ya omijé sí i lára látòkè délẹ̀. Alumíníọ̀mù ni ara Scorpion! Ìkòkò alumíníọ̀mù tí màmá ẹ fi ń se ìrẹsì láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ, ṣé ó ti dógùn-ún pupa rí? Ọ̀dà ara rẹ̀ lè ṣí, kó rí fẹ́fẹ́ bíi fàdákà. Ó lè dọ̀tí. Kò lè pọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí irin ṣe ń gbó ní ilẹ̀ yìí, ẹ pa fóònù tì, kí ẹ lọ dúró létí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó kí lọ́rì gẹdú kọjá. Mercedes 911 àtijọ́ yẹn, ilé ìwé gíga ni. Ẹ wo ibi tí igi ti ń gbá ẹ̀yìn rẹ̀: irin ibẹ̀ ń dán bí ọ̀bẹ, kò ráyè dógùn-ún torí ojoojúmọ́ ni igi ń ha á. Ẹ wo ibi tí igi kò dé: ibẹ̀ ló pọ́n. Ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ dísẹ̀lì sí, òróró ti mu eruku mọ́ra, ó ti dúdú, ó ti le. Ẹ wo ìlẹ̀kùn ní ọ̀gangan ibi tí kọ̀ndọ́ máa ń fi ọwọ́ dì mú, ọ̀dà ti lọ níbẹ̀. Eruku pọ̀ nísàlẹ̀, ó ń fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sókè. Kò sí àbàwọ́n kan lára lọ́rì yẹn tí kò ní ìdí. Ẹsẹ̀ táńkì náà bẹ́ẹ̀: ibi tó ń tẹ ilẹ̀ máa ń dán, inú kọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń dógùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwọ̀ ọsàn kun gbogbo ẹsẹ̀ táńkì tó ṣì ń rìn, ta ló gbé e sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún?

Ẹ tún gbọ́. Àwọn tó kọ́ ayé ní ọgbọ́n yìí, bíi Mig Jiménez ará Spéìnì, mi ò bá wọn jà. Ọ̀gá ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n rí ni wọ́n kùn. Orúkọ tó wà lára ìgò èròjà wọn ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀: Europe Dust, North Africa Dust. "Áfíríkà" yẹn náà, aṣálẹ̀ tí Rommel ti jà ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe ọ̀nà Epé. Àwọn ṣe tiwọn. Àwa wá gbé tiwọn, a fi ṣe òfin.

Àbí ẹ rò pé 1/35 gan-an sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run ni? Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Japan ló fẹ́ ṣe táńkì Panther kan tó máa ń fi bátìrì rìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Wọ́n wọn ara táńkì náà kó lè gba bátìrì sínú. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó jẹ́ 1/35. Bátìrì ló bí òfin tí ẹ ń gbè.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ gbọ́ ọ pé mo ní ẹ fi yangí Ìjẹ̀bú ra gbogbo nǹkan o. Ìyẹn náà irọ́ ni. VT-4 tí Nàìjíríà rà lọ́wọ́ Ṣáínà dé sí Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ni wọ́n rà á fún. Ní Borno, lẹ́bàá Adágún Chad, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní firki: amọ̀ dúdú ni, tó máa ń sán gàgà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì máa ń di àlẹ̀mọ́ tí òjò bá rọ̀. Iyanrìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti eruku ọyẹ́ tó fẹ́ kúnná tó sì funfun ràkọ̀ràkọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ẹni tó bá kun VT-4 Borno ní pupa, òun náà ń jẹ́ ẹ̀rí èké. Tí o bá sì fẹ́ ṣe bí àwọn ọmọ ogun Adékúnlé ṣe gúnlẹ̀ sí Bonny ní oṣù keje ọdún 1967, ẹrẹ̀ ibẹ̀ tún yàtọ̀, ẹrẹ̀ etí òkun ni, eérú àti dúdú ló pa pọ̀, omi iyọ̀ sì máa ń jẹ irin kíákíá. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, ẹrẹ̀ mẹ́ta tí kò jọra. Gbogbo rẹ̀ lẹ fi Europe Dust bò.

Ibi tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n wá rèé.

Gbogbo yín lẹ máa ń sọ ọ́: "Ó le kú, ìjà Òrè!" Tí ọjà bá dà rú, ìjà Òrè. Tí àwọn méjì bá ń bú ara wọn lórí ẹ̀rọ, ìjà Òrè. Ẹ̀rín la máa ń fi rín. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ìjà kan wà lóòótọ́? Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí títí wọ́n fi dé Òrè. Ẹni tó ṣáájú wọn, Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n dá wọn dúró ní Òrè, ìjà ibẹ̀ le, èèyàn kú. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn tó parí, Ojúkwu ti ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ ní Enugu. Òrè kò jìnnà sí wa o. Ojú ọ̀nà Benin ni. Ẹ ti jẹun níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yín dúró.

Táńkì ńláńlá kọ́ ni Nàìjíríà fi ja ogun yẹn. Saladin, ọkọ̀ onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní Coventry, àti Ferret tó kéré jù ú lọ, irú wọn ni. Ní ìhà kejì, Biafra fi irin bo káká ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, wọ́n pè é ní Red Devil. Ó ṣì wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe jó irin rẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà tí ìyà ń jẹ ni, ó hàn.

Àwòrán ogun yẹn tó wà, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù. Kò sí àwòrán tó máa sọ àwọ̀ ẹrẹ̀ oṣù kẹsàn-án fún ọ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́, àti àwọn àgbà tó rí i, tí wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà tí ẹnì kan bá jókòó sórí àga, tó ní pupa mi kò jọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà la jọ ń sọ mọ́. Ó ń sọ pé ibi tí ogun ti jẹ́ ogun ni Yúróòpù, àti pé tiwa gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tiwọn kí wọ́n tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú gbẹ́ Eredò Súngbọ́ yí ilẹ̀ yìí ká, bíi kìlómítà 160, ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí. Ilẹ̀ pupa yìí kan náà ni. Ó ti jẹ́ odi kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan táńkì.

Ẹ ní kí n yé ké, kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Ó dáa, mi ò fi pamọ́. Ẹ gbẹ́ yangí létí gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, ẹ sá a, ẹ gún un. Lẹ́yìn ìyẹn, bí a ṣe ń ṣe ògì gẹ́lẹ́ ni. Ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀, ẹ rò ó, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí iyanrìn rẹ̀ rọlẹ̀, kí ẹ wá yára da omi pupa tó kù lókè sínú abọ́ mìíràn. Ẹ gbé abọ́ kejì yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á silẹ̀ bí ògì, omi mímọ́ á wà lójú rẹ̀. Ẹ dà á nù, ẹ sá èyí tó kù. Ìyẹ̀fun tí ẹ máa rí, ó kúnná ju ti inú ìgò lọ. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ kúnná: hóró iyanrìn tó tó ìdajì mìlímítà, òkúta tó fẹ́rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 ló jẹ́ lára ojúlówó. Táńkì kì í wọ òkúta bí ẹ̀wù. (Màmá mi ti ní kí n má fọwọ́ kan asẹ́ ògì òun mọ́ láyé. Ẹ ra tiyín.)

Tí ẹ bá fẹ́ ẹrẹ̀ tó nípọn, ẹ fi góòmù funfun àti omi pò ó, kí ẹ ki lẹ́búlẹ́bú pákó díẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ eruku lásán, tíńà ni kí ẹ fi pò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, tó bá gbẹ kí ẹ nù ú kúrò níbi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sójà máa ń kàn. Ẹ rántí pé á dúdú tó bá tutù, á mọ́lẹ̀ tó bá gbẹ, ẹ má tìtorí èyí tó tutù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Fún ọ̀dà tó ń ṣí: ẹ kọ́kọ́ kun àwọ̀ ìdógùn-ún, ẹ fín in ní hairspray tí àwọn onídìrí ń lò, ẹ wá kun ọ̀dà olómi lé e. Tó bá gbẹ, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á. Ó máa ṣí bí ẹni pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀dà olómi nìkan ni o. Tó bá jẹ́ ọ̀dà mọ́tò, ẹ ó ha á títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àwọn kan á ní "iṣẹ́ ọnà ni, mo lè ṣe bó ṣe wù mí." Òótọ́ ni. Ṣe é bó ṣe wù ẹ́, kun ún ní àwọ̀ búlúù, fi òdòdó sí i. Ṣùgbọ́n yọ Nigerian Army kúrò lára rẹ̀, yọ ọdún tí o kọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní eré ọmọdé ni. Ẹ̀yin náà ń fi òru wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ìlú tí ẹ ò dé rí. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Àwọn tó ní ogun kò dáa, kí ló dé tí a ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: ìbéèrè gidi ni, mo sì ń rò ó. Ìdáhùn tí mo ní nìyí: èyí tó ń ṣe ogun lọ́ṣọ̀ọ́ ni táńkì tó ń dán láìní àbàwọ́n, àti èyí tí wọ́n fi ìdógùn-ún ya lára bíi fíìmù. Tí o bá fi ẹrẹ̀ Òrè gidi sí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá á wò ó, á mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé òun ni.

Ilẹ̀ ojú ọ̀nà Òrè, oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, ni iṣẹ́ mi tó kàn. Mo ti ní yangí tiwa, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ti Ìjẹ̀bú-Òde pe ti Òrè. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òrè, tí òjò bá dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya àwòrán ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ibi tí taya ti kọjá. Ẹ fi ìwé funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí ẹ tún yà á nígbà tó bá gbẹ. Ẹ má fi filter sí i.